Ilé Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ta Ni Ó Ń Ṣe Iṣẹ́ Rẹ̀?

 

Nígbàkígbà tí a bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé: "Ṣebí ẹ̀kọ́ ti di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni a tún ń san owó lẹ́sìnnì sí?" A kò fi ojú yẹpẹrẹ wo ìbéèrè yìí, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ní fóònù àti dátà lè kọ́ ìṣirò láti orí ení, èjì, títí dé èyí tí wọ́n ń ṣe ní yunifásítì, láì san kọ́bọ̀ fún olùkọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yìí ni ó yẹ kí a tú wò dáadáa. Ohun tí ẹnìkan ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹlòmíràn ti ṣe làálàá rẹ̀, ẹlòmíràn sì ti náwó sí i. Nínú àlàyé wa yìí, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó mú, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ti rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ ó rí bí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún ṣe kọ́ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí iṣẹ́ wọn parí sí, tí ó ku ti àwa tí ọmọ wà lọ́wọ́ wa.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2004, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Salman Khan ń ṣiṣẹ́ ní Boston, ní ilé iṣẹ́ kan tí ń bá àwọn olówó fi owó wọn dókòwò. Bàbá rẹ̀ wá láti Bangladesh, ìyá rẹ̀ wá láti India, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ní àbúrò kan nínú ẹbí, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12, tí ìṣirò ń dà láàmú, pàápàá èyí tí a fi ń yí ìwọ̀n kan padà sí òmíràn. New Orleans ni ọmọ náà ń gbé, ibẹ̀ sì jìnnà sí Boston púpọ̀. Ni Khan bá ń kọ́ ọ lórí tẹlifóònù lẹ́yìn iṣẹ́, àwọn méjèèjì á jọ máa wo ohun tí wọ́n ń kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ó yé ọmọ náà. Bí àwọn ẹbí yòókù ṣe gbọ́, wọ́n ní kí ó kọ́ ọmọ tàwọn náà, ó sì di ohun tí apá ẹnìkan kò ká mọ́. Ní 2006, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa ká ẹ̀kọ́ náà sínú fídíò, kí ó gbé e sórí YouTube, kí ẹni tí ó bá fẹ́ máa wò ó nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Khan máa ń sọ pé àwọn àbúrò òun sọ fún òun pé àwọn fẹ́ràn òun nínú fídíò ju kí àwọn rí òun lójúkorojú lọ. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ rí mọ̀ pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ọmọ tí ohun kan kò yé máa ń tijú láti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Fídíò kì í kanra. A lè dá a dúró, a lè dá a padà, a lè gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Àwa tí a ti jókòó níwájú alfa pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́ mọ bí ọkàn ọmọ ṣe ń rí nígbà tí ohùn olùkọ́ bá ti ń yí padà.

Fídíò náà kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan, ohùn ọkùnrin náà ni, àti ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí ohun tí ó dàbí pátákó dúdú. Inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó aṣọ sí ni ó ti ń ká wọn. Ní 2008 ó fi orúkọ Khan Academy sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àjọ tí kì í wá èrè. Ní 2009 ó fi iṣẹ́ tí ń mówó wọlé sílẹ̀ pátápátá.

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Owó oṣù ti dúró. Ọkùnrin náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ, owó tí wọ́n ti ń tò jọ láti fi ra ilé ni wọ́n wá ń fi jẹun. Àwọn tí ń wo fídíò náà ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, wọ́n ń kọ̀wé dúpẹ́, wọ́n ń ṣàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà àwọn ènìyàn kò tíì di owó ilé. Ó ti ń ronú àtipadà lọ wá iṣẹ́ nígbà tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Ann Doerr fi 10,000 dọ́là ta á lọ́rẹ ní 2010. Nígbà tí obìnrin náà wá gbọ́ pé owó ìpamọ́ ni ẹni tí ń kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ, ó tún fi 100,000 dọ́là ránṣẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà, Google fún Khan Academy ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, àjọ Bill Gates àti Melinda Gates náà sì ṣe ìrànwọ́ tí ó tóbi. Ohun tí a ń wí ni pé, kí owó wọ̀nyí tó dé, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nítorí ebi ẹnìkan.

Iṣẹ́ tí ó dàbí ọ̀wẹ̀

Ẹnìkan lè bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè gbé e dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò wúlò fún ọmọ tí èdè Lárúbáwá tàbí ti Swahili nìkan ni ó gbọ́. Nítorí náà àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú fídíò wọ̀nyí sí èdè tiwọn. Wọ́n a máa kọ ọ́ sísàlẹ̀ àwòrán, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ìwọ̀nba ènìyàn ní ń mọ orúkọ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀wẹ̀ kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé tàbí kó ìkórè, a ké sí àwọn ènìyàn, oníkálùkù mú ọkọ́ rẹ̀ wá, iṣẹ́ oṣù kan a sì parí ní ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí kọ̀ǹpútà, àfi pé àwọn tí ń ṣe é kò rí ara wọn sójú. Àwọn tí ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé máa ń gbé e síta gbangba kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ẹni tí ó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú tí ó jìnnà, á ṣe àtúnṣe, á sì fi ránṣẹ́. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà a yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá dára wọn a gbà á, bí kò bá dára wọn a dá a padà pẹ̀lú àlàyé. Àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò lè ṣe ọmọ ní jàm̀bá ju àìsí rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ́ náà pàápàá nílò irú àyẹ̀wò yìí. Ní 2012, àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì ní ìpínlẹ̀ Michigan wo fídíò Khan kan lórí bí a ṣe ń sọ iye tí kò tó òdo di púpọ̀, wọ́n sì ṣe fídíò tiwọn tí wọ́n fi tọ́ka sí àwọn ibi tí kò pé. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ta díẹ̀. Kò pẹ́ tí Khan fi tún ẹ̀kọ́ náà ṣe. Èyí wú wa lórí. Àwọn kan wà tí wọ́n bá ṣe ohun ọ̀fẹ́ fún ọ, ìbáwí kékeré ni wọn yóò fi bínú kúrò.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyèsí, òun ni ìwé ìyọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá ṣe ìwé tàbí fídíò, tirẹ̀ ni lábẹ́ òfin, a kò gbọdọ̀ dà á kọ láì gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n Khan Academy fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sábẹ́ ìyọ̀ǹda kan tí a mọ̀ sí Creative Commons, tí ó sọ fún gbogbo ayé pé: ẹ lè dà á kọ, ẹ lè pín in, ẹ lè tún un ṣe, kìkì kí ẹ dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí ẹ má fi ṣòwò, kí èyí tí ẹ bá sì tún ṣe wà lábẹ́ irú ìyọ̀ǹda kan náà. Ẹni tí ó bá mọ wakafu yóò rí i pé àwọn méjèèjì fara jọra díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Láìsí ìyọ̀ǹda yìí ni, apá kejì ìtàn wa kò bá má ṣẹlẹ̀.

Àwọn tí kò ní dátà

Ní 2012, ó ju ìdajì àwọn ènìyàn ayé lọ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì California ní San Diego, Jamie Alexandre, lọ kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Khan Academy. Ọ̀rọ̀ tí ó gbà á lọ́kàn ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ẹ̀kọ́ yìí jù ni wọn kò lè dé ibi tí ó wà. Nígbà tí ó padà sí San Diego, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Wọn kò gba owó. Àkókò tí ó yẹ kí wọ́n fi sinmi ni wọ́n fi kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní KA Lite, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù December 2012.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹnìkan á lọ sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, á kó fídíò àti ìdánrawò tí ó fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kan. Ó lè dà á kọ sínú dírááfù kékeré tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, kí ó fi sí àpò, kí ó wọ ọkọ̀. Nígbà tí ó bá dé abúlé, kọ̀ǹpútà kan náà yóò di olùpín fún gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú yàrá. Kò sí dátà tí ẹnikẹ́ni ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé kan níbí, nítorí ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Wàì-fàì kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Wàì-fàì dàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó so àwọn yàrá inú agboolé kan pọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì sì ni títì ńlá tí ó wà níta. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé àwo láti yàrá kan sí èkejì kò ní í kọ́kọ́ jáde sí títì. Bí ẹ̀kọ́ bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó wà ní yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ nílò láti dé ibẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù February 2012, ni àwọn kan ní Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí ń jẹ́ Raspberry Pi. Kò tóbi ju káàdì tí a fi ń gba owó ní báńkì lọ, 35 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà náà, iná tí ó ń lò kò sì ju ti fóònù tí a ń sá sí iná lọ púpọ̀. KA Lite lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá di pé ohun tí ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́ lè jẹ́ ilé ìkàwé fún odindi kíláàsì, bátìrì àti sólà kékeré sì lè gbé e.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dá àjọ Learning Equality sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tálákà, ọgbà ẹ̀wọ̀n, ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, àti ilé ọmọ òrukàn, ní orílẹ̀-èdè tí ó ju 100 lọ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ títí láé. Wọn a gboyè, wọn a fẹ́yàwó, wọn a kó lọ sí ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn àkókò a sì di "bí mo bá ráyè". Àwọn tí wọ́n lóye èyí láàrin wọn wá owó láti ọ̀dọ̀ àwọn àjọ aláàánú, wọ́n fi gba àwọn tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sì ń bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní 2017 wọ́n gbé ètò tuntun jáde, Kolibri, tí ó gba ipò KA Lite. Orúkọ ẹyẹ kékeré kan tí ń mu omi òdòdó ni kolibri.

Kolibri kì í ṣe ti Khan Academy nìkan. Onírúurú ẹ̀kọ́ ni ó kó sínú, lára wọn ni PhET ti yunifásítì Colorado, níbi tí ọmọ ti lè fi ọwọ́ rẹ̀ so bátìrì mọ́ gílóòbù lórí kọ̀ǹpútà, kí ó wo bí iná ṣe ń tàn. Carl Wieman, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2001, fi díẹ̀ nínú owó ẹ̀bùn náà bẹ̀rẹ̀ PhET ní 2002. Fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní láàbù, ohun kékeré kọ́ nìyẹn. Ní ti olùkọ́, Kolibri ní àyè tirẹ̀ tí ó ti lè to iṣẹ́ fún kíláàsì, tí ó sì ti lè rí i pé ọmọ mẹ́ta ti há sórí ìdá, tí ọmọ kan kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ rárá.

Ohun tí ó kù

Àléébù wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà ni a ṣe fún ọmọ Amẹ́ríkà. Owó tí wọ́n fi ń ṣírò kì í ṣe náírà, máìlì ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà, ìpele ẹ̀kọ́ wọn kò sì bá ti JSS wa mu. Ní Uganda àti Jordan, Learning Equality àti UNHCR, àjọ àgbáyé tí ń bójútó àwọn tí ogun lé nílé, rí ìṣòro kan náà láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì tún àwọn ẹ̀kọ́ tò tẹ̀lé e, kí olùkọ́ lè mọ èyí tí ó yẹ fún kíláàsì rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ tí ó mọ ìwé ìlú rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò wá láti San Diego ṣe é fún wa.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Inú wa dùn láti sọ fún yín pé a lè yí Kolibri sí Yorùbá, débi pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ yóò tẹ̀ láti wọlé, láti yan ẹ̀kọ́ àti láti jáde, èdè wa ni wọn yóò fi hàn. Àwọn kan ló jókòó túmọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wọlé tán, ẹ̀kọ́ tí yóò bá níbẹ̀ ní Yorùbá kò pọ̀ rárá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbilẹ̀.

Nítorí náà, sí ẹni tí ó ní kí a dá owó lẹ́sìnnì dúró, ìdáhùn wa ni pé rárá, kí a máa san án. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa kò lè fi fídíò tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà, ọmọ òrukàn tí ó ń ta omi tútù lẹ́yìn ilé ìwé kò sì ní ẹni tí yóò sọ fún un pé àkókò ìwé ti tó. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí olùkọ́ lẹ́sìnnì tí a ń sanwó fún ní irú nǹkan yìí lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn márùn-ún bá ń tẹ̀lé fídíò, yóò ráyè jókòó ti ẹni kẹfà tí ìdá kò yé.

Ohun tí ó gbà kò pọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí ó ti pẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń ṣiṣẹ́ lè ṣe olùpín. Ráúta kékeré kan yóò ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì nílò síìmù. Fóònù Android àtijọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, bí ojú wọn tilẹ̀ ti sán díẹ̀, yóò tó fún àwọn ọmọ láti máa pín lò. Kolibri fúnra rẹ̀ kò gba owó, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ náà kò gba owó, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wá a sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ yóò ná dátà púpọ̀ sí i, àfi tí ó bá yan ìṣirò kíláàsì kan tàbí méjì péré, tàbí kí ó dà á kọ láti ara kọ̀ǹpútà ẹni tí ó ti ní i. Iná náà ní ìnáwó tirẹ̀, bí NEPA bá ṣe gbà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní yunifásítì àti politẹ́kíníìkì, tí ẹ ti mọ kọ̀ǹpútà ju àwa lọ, wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé ni a ń bẹ̀ yín fún, láti to ẹ̀kọ́ náà tẹ̀lé ìwé JSS àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá sì ní kọ̀ǹpútà alágbèéká tàbí fóònù tí kò lò mọ́, kí ó má tíì tà á fún àwọn tí ń ra ẹ̀rọ àlòkù kí ó tó fi tó akọ̀wé létí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.